Apá Tí Iná Kò Mọ̀

"Ẹni tí ó gbé ọmọ mi jáde nínú iná kò sí lábẹ́ dandan láti dárúkọ ara rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Níwọ̀n ìgbà tí mo bá ṣì wà lórí àga yìí, kò sí òṣìṣẹ́ ìjọba tí yóò béèrè orúkọ rẹ̀, kò sì sí ìwé ìjọba tí orúkọ náà yóò wọ̀. Mo ti sọ ọ́. Ó ti di òfin."

Olórí Ìlú ni ó sọ ọ̀rọ̀ yìí ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, lórí àtẹ̀gùn ilé ìwòsàn, tí omi ń dà lójú rẹ̀. Adóòlà ni ó ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, ẹni tí iná kì í jó, tí ó ń fi ìbòjú dúdú bo ojú wọ inú ilé tó ń jó lọ gbé èèyàn jáde, tí ẹnikẹ́ni kò sì mọ ọmọ ẹni tí í ṣe. Àwọn oníròyìn ya àwòrán omijé náà. Wọ́n fín ọ̀rọ̀ náà sára idẹ, wọ́n sì kàn án mọ́ ògiri àgọ́ ọlọ́pàá àgbà, lókè àga tí àwọn tó wá fẹjọ́ sùn máa ń jókòó sí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan tí ojú ọ̀run ṣú dẹ̀dẹ̀, ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ kan kọjá lábẹ́ idẹ náà, ó wọ yàrá ọ̀gá rẹ̀, wọ́n sì rán an pé kí ó lọ wá orúkọ náà wá.

Béèrè-tún-béèrè ni wọ́n ń pe ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ yìí, nítorí pé kò sí ìdáhùn tó tẹ́ ẹ lọ́rùn rí. Ìyàwó rẹ̀ a máa sọ pé ìbéèrè mẹ́rin ni ọkọ òun ń béèrè kí ó tó gbà pé iyọ̀ wà nínú ọbẹ̀.

"Ṣé ẹ ti ka idẹ tó wà níta, ọ̀gá?" ni ó fi bẹ̀rẹ̀.

"Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n kàn án. Jókòó."

Àgádágodo ńlá kan wà lórí tábìlì nínú ọ̀rá, iná ti sọ ọ́ di dúdú, ìdè rẹ̀ sì ti já. Pélébé ìwé kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọ̀gá Àgbà tì í síwájú rẹ̀, Béèrè-tún-béèrè sì kà á: "Láti ìta ni wọ́n ti fi èyí ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Èmi ni mo já a. Mẹ́rìnlá ti kú kí n tó já a tán."

Kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé Adóòlà ló fi í ránṣẹ́, àti iná tí ó ń sọ. Ní ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, iná mú ilé iṣẹ́ aránṣọ kan. Adóòlà gbé àwọn mẹ́sàn-án jáde. Àwọn mẹ́rìnlá yòókù wà nílẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, wọ́n to ara wọn bí ìgbà tí èèyàn ń dúró de ọkọ̀. Ẹni tó ni ilé iṣẹ́ náà búra pé a kì í ti ilẹ̀kùn yẹn. Àbúrò ìyàwó Olórí Ìlú ni.

"Agbẹjọ́rò ìjọba ní irin kì í jẹ́rìí fúnra rẹ̀," ni Ọ̀gá Àgbà wí. "Ẹni tó já a ni kó wá dúró nílé ẹjọ́. Adájọ́ kò ní í gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ìbòjú."

"Ta ló ní kí n wá a?"

"Òkè."

"Òkè tó ní kí ẹnikẹ́ni má wá a?"

"Òkè kan náà." Ọ̀gá Àgbà nu ojú. "Ìwọ náà rò ó wò. Láìsí ẹlẹ́rìí, ọkùnrin yẹn á lọ sílé lọ jẹun alẹ́. Mẹ́rìnlá, Béèrè-tún-béèrè. Èyí tó kéré jù nínú wọn kò tíì pé ogún ọdún."

Òótọ́ ni, ibẹ̀ ni ìkẹkùn náà sì wà, nítorí pé àwọn alágbára kì í fi irọ́ dẹ èèyàn rere. Òótọ́ ni wọ́n fi ń dẹ ẹ́. Béèrè-tún-béèrè mú àgádágodo náà, ó sì gba iṣẹ́ náà.

Ìlú ti dájọ́ tipẹ́ pé panápaná ni Adóòlà. Nítorí náà ọ̀dọ̀ ọ̀gá panápaná ni ó kọ́kọ́ lọ. Ọkùnrin abikùn ńlá ni, òun àti Béèrè-tún-béèrè jọ lọ sílé ìwé ni, wọ́n sì máa ń fi ara wọn ṣẹ̀sín gan-an.

"O pẹ́ kí o tó dé," ni ó wí. "Èmi fúnra mi ti wá a. Mo ní kí gbogbo ọmọ iṣẹ́ mi bọ́ ẹ̀wù. Mẹ́tàlélógójì. Kò sí ẹyọ kan tí kò ní àpá iná lára."

"Àpá lo fi ń wá a?"

"Kí ni ǹ bá fi wá a? Orin?"

"Ọ̀rẹ́ mi, ẹni tí iná kì í jó, níbo ni yóò ti rí àpá?"

Ọ̀gá panápaná gbá iwájú orí ara rẹ̀. Ó ní, "Ìdí nìyí tí wọ́n fi fún ìwọ ní ọ́fíìsì, tí wọ́n sì fún èmi ní ọ̀pá omi."

Ó gbé ìwé ìṣẹ̀lẹ̀ kalẹ̀. Ogún iná ni Adóòlà ti yọjú sí láàárín ọdún márùn-ún. Béèrè-tún-béèrè fi ìka tọ àwọn àkókò náà lọ sílẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀sán. Ìrọ̀lẹ́. Ìrọ̀lẹ́. Ọ̀sán.

"Kò sí ọ̀kan níbí tó ṣáájú ọ̀sán," ni ó wí.

"Kì í jáde láàárọ̀. A máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọmọ olówó ni, pé oorun ló ń sùn." Ẹ̀rín ọ̀gá panápaná kò dé ojú rẹ̀. "Ilé alájà mẹ́ta ẹ̀yìn ibùdókọ̀ rélùwéè, ṣé o rántí? Ọdún méjì sẹ́yìn, agogo márùn-ún ìdájí. Èèyàn méje. Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìyẹn ló gba àwọn ọmọ méjì ní òpópónà kejì sí ibẹ̀. A ń wo ojú ọ̀nà lọ́jọ́ náà. A ní yóò dé. Kò dé."

Béèrè-tún-béèrè pa ìwé náà dé. "Ta ni ìlú ń fura sí jù?"

"Baba Fèrè. Òun ló ń fọn fèrè ọkọ̀ wa kó tó fẹ̀yìn tì. Ó ti sọ fún onígbàjámọ̀ rẹ̀ pé òun ni."

Baba Fèrè ń gbé yàrá kan, òun nìkan. Bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ tẹ́ nini, bàtà iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́ ń dán lábẹ́ rẹ̀. Kò jẹ́ kí ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ jókòó dáadáa tí ó fi jẹ́wọ́.

"Èmi ni. Mo ti mọ̀ pé ẹ máa wá."

"Baba, ta ló ti ilẹ̀kùn ilé iṣẹ́ aránṣọ?"

"Ilẹ̀kùn wo?"

Béèrè-tún-béèrè mú páálí ìṣáná jáde. Ó ṣá ìṣáná kan, ó sì nà án sí ọwọ́ àgbàlagbà náà jẹ́jẹ́, bí ẹni ń na nǹkan sí ọmọdé. Ọwọ́ náà sá padà kí iná tó súnmọ́ ọn. Àwọn méjèèjì wo ìṣáná náà títí ó fi kú.

"Ẹ ò béèrè lọ́wọ́ mi rí," ni Baba Fèrè wí nígbẹ̀yìn. "Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni mo fi ṣiṣẹ́ iná. Kò sẹ́ni tó wá síbí béèrè nǹkan kan rí."

"Mo ti béèrè báyìí, Baba. Ẹ ṣeun."

Nígbà tó wọ ọkọ̀ padà, awakọ̀ rẹ̀ ń kọ ìwé. Ọ̀dọ́kùnrin tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́ ni awakọ̀ yìí, ìwé ìrìn ọkọ̀ ìjọba sì ni ayọ̀ rẹ̀. Ibi tí wọ́n lọ, agogo tí wọ́n dé, ohun tí ojú rẹ̀ rí, gbogbo rẹ̀ ni ó ń kọ.

"Kí lo kọ nípa Baba yẹn?" ni ọ̀gá rẹ̀ bi í.

"Mo kọ pé 'Ọ̀gá dágbére fún un dáadáa.' Ẹ̀kọ́ ilé yín wù mí, ọ̀gá. Àwọn ọlọ́pàá mìíràn kì í dágbére."

"Wa ọkọ̀."

Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́sàn-án tó yè, obìnrin aránṣọ kan, jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà nínú báńdéèjì. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń fún un lómi mu.

"Ṣé ẹ fẹ́ mú un ni?" ni aránṣọ náà kọ́kọ́ béèrè.

"Mo fẹ́ kó jẹ́rìí fún àwọn ẹgbẹ́ yín tó kú."

"Tí ẹ bá sì mọ̀ ọ́n tán, ta ni yóò máa wá gbé wa?"

Béèrè-tún-béèrè fa àga súnmọ́ bẹ́ẹ̀dì náà. Ó ní kí ó ṣáà sọ bí Adóòlà ṣe gbé e, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kó má fo nǹkan kan.

"Kò sọ̀rọ̀. Ó tẹ̀ ba, ó gbá mi ní ìbàdí lẹ́ẹ̀mejì, pà, pà, lẹ́yìn náà ló gbé mi kọ́ èjìká."

"Ó gbá yín?"

"Lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀gbọ́n mi ní mo ń ṣèrànrán. Mi ò ṣèrànrán. Mo tiẹ̀ ń rò ó nínú èéfín yẹn pé, kí ni mo ṣe tí wọ́n fi ń nà mí?"

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni ó yíjú sí ògiri, tí èjìká rẹ̀ ń mì.

Ìbéèrè náà bá Béèrè-tún-béèrè sùn, ó bá a jí. Ta ni í lu ẹni tí ó ń gbà là? Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, bí wọ́n ṣe ń wakọ̀ kọjá ilé ìtajà ìyẹ̀fun kan, ó rí àwọn alágbàrù méjì tí wọ́n ń já ẹrù. Èkíní tẹ̀ ba. Ó gbá ìbàdí àpò náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó gbé e kọ́ èjìká.

"Dúró," ni ó wí fún awakọ̀.

Ó bi alágbàrù náà ìdí tó fi ń gbá àpò.

"Ìyẹ̀fun a máa dì sí igun kan. Bí èèyàn ò bá gbá a kó tó gbé e, á yí lórí èjìká, á sì gbé òun àti ẹni tó rù ú lulẹ̀."

"Ṣé gbogbo alágbàrù ló ń ṣe bẹ́ẹ̀?"

"Ṣé àwọn oní-sìmẹ́ńtì? Rárá o. Àwa tí a kọ́ iṣẹ́ ní ilé búrẹ́dì nìkan ni. Bó bá ti mọ́ ọ lára, ó parí. Èmi máa ń gbá ọmọ mi kí n tó pọ̀n ọ́n, ìyá rẹ̀ á sì máa bú mi."

Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ náà dúró sójú ọ̀nà, ó ń to ọ̀rọ̀ náà bí ẹni ń to bíríkì. Ta ni kì í ráyè láti òru títí di ọ̀sán? Ẹni tí búrẹ́dì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ta ni ó lè gbé àgbàlagbà kọ́ èjìká? Ẹni tó ti ń gbé àpò ìyẹ̀fun láti ọjọ́ pípẹ́. Nínú ilé búrẹ́dì tó wà nílùú, ẹyọ kan ni ó wà ní àárín ogún iná náà, tí èèyàn lè fẹsẹ̀ rìn dé gbogbo wọn kí panápaná tó dé. Ó ku ẹyọ ìbéèrè kan: ní ibi tí gbogbo èèyàn ti ń fi apá kan ààrò lójoojúmọ́, ta ni apá rẹ̀ mọ́?

Kò tíì ju agogo mọ́kànlá lọ nígbà tí wọ́n débẹ̀. Búrẹ́dì ti tán nínú ààrò, àwọn òṣìṣẹ́ mọ́kànlá ń fọ agolo, ìyẹ̀fun sì bo ilẹ̀, ògiri àti ìpéǹpéjú wọn. Ilé náà gbóná bí ara ẹni tí ibà ń ṣe. Béèrè-tún-béèrè bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ká apá aṣọ wọn sókè. Kò sọ ìdí. Awakọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wòran.

Wọ́n rò pé eré ni. Wọ́n ń fi àpá wọn hàn bí ẹni ń fi ìwé ẹ̀rí hàn.

"Èyí ni ti ọ̀sẹ̀ tí mo kọ́kọ́ dé."

"Ìyẹn kéré. Wo tèmi, agolo mẹ́fà ló lẹ̀ mọ́ mi lẹ́ẹ̀kan náà."

"Tèmi kò tó nǹkan," ni obìnrin kan wí, ẹni ogójì ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tó dúró ti òṣùwọ̀n. Olóṣùwọ̀n ni wọ́n ń pè é, nítorí òun ló ń wọn ìyẹ̀fun tí a ti pò kí ó tó wọ agolo. "Èmi kì í dé ẹnu ààrò. Ìyá wa ni kí ẹ lọ wò. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n nídìí iná. Tiwọn á ti di àwòrán."

Ìyá Ààrò ni Olóṣùwọ̀n ń tọ́ka sí, ìyá arúgbó eléjìká gbígbòòrò tó jókòó sórí agolo tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, lẹ́bàá ẹnu ààrò. Irun orí rẹ̀ funfun, kì í sì í ṣe ìyẹ̀fun ló sọ ọ́ funfun. Apá aṣọ rẹ̀ gùn dé ọrùn ọwọ́, ó sì fi bọ́tìnnì dè é, nínú ooru tí àwọn ọkùnrin ti bọ́ ẹ̀wù.

Béèrè-tún-béèrè dé iwájú rẹ̀. Ó ya ẹnu láti sọ ohun tí ó ti sọ fún àwọn mẹ́wàá. Ó pa á tì. Àwọn tó tọ́ ọ dàgbà kò kọ́ ọ láti dúró níwájú ìyá tó lè bí i, kí ó sì ní kí ó ṣí ara. Ó tẹrí ba.

"Ẹ kú iṣẹ́, Mà."

"Iṣẹ́ ń pẹ́, ọmọ mi."

Ó sì kọjá. Ìwà ọmọlúàbí ni. Òun ni ó sì ba gbogbo nǹkan jẹ́, nítorí pé ẹni tó bá béèrè lọ́wọ́ mẹ́wàá, tó sì fo ẹyọ kan, ti na ìka sí ẹyọ kan náà.

Nígbà tí àwọn yòókù lọ jẹun, ó bá a nínú yàrá ìyẹ̀fun. Kò tíì sọ nǹkan kan nígbà tí ìyá náà bẹ̀rẹ̀ sí í tú bọ́tìnnì ọwọ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Ó ká aṣọ náà sókè. Apá náà tẹ́jú, ó ń dán, bí apá ọmọ tuntun.

"Kí ló tú àṣírí mi?"

"Ẹ máa ń gbá wọn kí ẹ tó gbé wọn, Mà."

Ó ronú sí i, ó sì mi orí. "Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ọwọ́ kì í gbàgbé."

"Ṣé ẹ fi ojú yín rí àgádágodo yẹn?"

"Mo fi ọwọ́ mi já a. Mo ń gbọ́ wọn lódìkejì. Lẹ́yìn náà mi ò gbọ́ wọn mọ́."

"Bí ẹ kò bá wá jẹ́rìí, Mà, ẹni tó tì í á lọ lọ́fẹ̀ẹ́."

"Mo mọ̀. Láti ọjọ́ Ẹtì ni mo ti mọ̀." Ó jókòó lé àpò ìyẹ̀fun kan. "Ṣé o ti gbọ́ nípa ilé alájà mẹ́ta ẹ̀yìn rélùwéè?"

"Mo ti gbọ́."

"Mo gbọ́ fèrè lọ́jọ́ náà. Ẹgbẹ̀rin búrẹ́dì wà nínú ààrò. Èèyàn mẹ́wàá wà nínú yàrá, wọ́n ń wò mí. Bí mo bá jáde nídìí ààrò, tí mo padà wá pẹ̀lú èérú lára, gbogbo ayé á mọ̀. Mo ní panápaná á débẹ̀. Mo ní ẹ̀ẹ̀kan yìí nìkan. Mo wá ń ka búrẹ́dì. Mo ń kà á títí fèrè fi dákẹ́." Ohùn rẹ̀ kò yí padà. "Olóṣùwọ̀n dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń wọn ìyẹ̀fun. Ó ní, 'Ìyá wa, ọ̀hún ò jìnnà o, kí Ọlọ́run ṣàánú wọn.' Kò mọ̀ pé ilé tòun ló ń jó. Ọmọ rẹ̀ obìnrin wà nínú àwọn méje. Ẹyọ kan ṣoṣo tó bí."

Béèrè-tún-béèrè ní ìbéèrè kan lẹ́nu. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, ó gbé e mì.

"Mo máa ń sọ fún ara mi pé nítorí àwọn ìkà ni mo ṣe ń bojú," ni Ìyá Ààrò ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Pé bí wọ́n bá mọ̀ mí, wọ́n á wá pa mí. Irọ́ ni. Ọjọ́ tí ayé bá mọ̀ mí, gbogbo ẹni tí iná pa nílùú yìí ti di ẹni tí mo fi sílẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, ẹyọ ẹnì kan ni mo ń bojú fún. A jọ ń jẹun nínú abọ́ kan náà, ọmọ mi. Ọdún mọ́kànlá."

"Ẹ kò ha ní í jẹ́rìí ni?"

"Màá jẹ́rìí. Àwọn mẹ́rìnlá yẹn kò kú fún ìtìjú mi. Ṣùgbọ́n màá kọ́kọ́ sọ fún un. Ọjọ́ Ẹtì ni ìsinmi wa. Màá lọ bá a nílé láàárọ̀, màá kúnlẹ̀, màá sọ ọ́. Bó bá fẹ́ lù mí, kó lù mí. Kó ṣáà jẹ́ ẹnu mi ló ti gbọ́ ọ. Ṣé o lè fún mi di ọjọ́ Ẹtì?"

"Di ọjọ́ Ẹtì," ni ó wí. "Mi ò ní í kọ orúkọ yín síbì kankan, Mà."

Kò sì kọ ọ́. Òun mú ìlérí tirẹ̀ ṣẹ.

Ní ọ̀sán Ọjọ́rú, wọ́n pè é sí ọ́fíìsì Ọ̀gá Àgbà. Ẹlòmíràn ni ó wà lórí àga. Olórí Ìlú ń fi sùúrù ka ìwé kan, bí ẹni ń ka lẹ́tà ọmọ tó wà lókèèrè. Ọ̀gá Àgbà dúró ti ògiri, ó ń wo bàtà ara rẹ̀.

"Ọ̀gá rẹ ní o sọ fún òun pé o ti rí i, o ò sì fẹ́ dárúkọ," ni Olórí Ìlú wí.

"Ẹ̀yin lẹ ṣe òfin náà, Olórí wa."

"Mo ṣe é. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ní í béèrè orúkọ lọ́wọ́ rẹ." Ó gbé ìwé náà sókè. Ìwé ìrìn ọkọ̀ ni. "Mo kàn ń ka ibi tí ọkọ̀ mi lọ ni. Gbọ́ èyí: 'Ìṣẹ́gun, agogo mọ́kànlá kọjá díẹ̀, ilé búrẹ́dì. Ọ̀gá ní kí gbogbo òṣìṣẹ́ ká apá aṣọ. Ìyá àgbà kan nìkan tó jókòó ti ààrò ni kò sọ fún. Ó tẹrí ba fún un. Ẹ̀kọ́ ilé ọ̀gá mi wù mí.'" Ó pa ìwé náà dé. "Èmi náà, ó wù mí. Àwọn òbí rẹ tọ́ ọ."

Béèrè-tún-béèrè mọ ọwọ́ ìkọ̀wé náà. Awakọ̀ náà kò fi í sùn. Ó yìn ín ni.

"Ó ti gbà láti jẹ́rìí," ni ó wí. "Ọjọ́ Ẹtì. Ẹ fún un di ọjọ́ Ẹtì. Ẹnì kan wà tó fẹ́ kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀."

"Ẹ̀rí kí ni?"

"Ẹ̀rí àgádágodo."

"Ah." Ọkàn Olórí Ìlú lọ sọ́dọ̀ àbúrò ìyàwó rẹ̀, ojú rẹ̀ sì fi hàn. "Tàbí kí ó jẹ́ ẹni tó ti dé ibi iná ogún kí panápaná tó dé. Ìwọ ni ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́. Ẹni tó bá ń ṣáájú gbogbo èèyàn dé ibi iná, kí ni òfin ń pè é?"

"Ọmọ yín ń pè é ní ẹni tó gbé òun jáde."

Olórí Ìlú ti ìwé ìrìn ọkọ̀ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Lẹ́yìn náà ni ó mú kálàmù.

Ìwé ìjọba jáde ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀. Béèrè-tún-béèrè fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí ilé búrẹ́dì. Kò lè wọ ọkọ̀ náà mọ́. Ó ti pẹ́ jù. Olóṣùwọ̀n dúró nídìí òṣùwọ̀n, ìwé náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sì ti fi ìyẹ̀fun sàmì sí i. Kò sí ẹni tó ń ṣiṣẹ́. Ìyá Ààrò dúró níwájú ààrò tó ń jó, apá aṣọ rẹ̀ wà ní títú.

Olóṣùwọ̀n kò pariwo. Ohùn jẹ́jẹ́ ni ó fi béèrè.

"Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, Ìyá wa. Ṣé ẹ gbọ́ fèrè?"

"Mo gbọ́."

"Mo sọ fún yín pé kò jìnnà."

"O sọ fún mi."

Olóṣùwọ̀n mi orí. Ó fi ìwé náà sílẹ̀. Ó gé ìyẹ̀fun pípò kan, ó gbé e lé òṣùwọ̀n, ó ń wo abẹ́rẹ́ rẹ̀ títí ó fi dúró. Ó gbé e kúrò. Ó gé òmíràn. Kò wo ẹnu ààrò mọ́. Nígbà tí àwọn ọlọ́pàá méjì wọlé wá mú Ìyá Ààrò, Olóṣùwọ̀n yẹ̀ fún wọn lọ́nà bí ẹni ń yẹ̀ fún agolo gbígbóná, ó sì ń wọn ìyẹ̀fun rẹ̀ lọ.

Ohun tó wà nínú ìwé ìjọba náà nìyí, lójú ewé kìíní: orúkọ rẹ̀, orúkọ baba rẹ̀, òpópónà rẹ̀, nọ́ńbà ilé rẹ̀ àti ibi iṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun ni Adóòlà, pé ìjọba ń fẹ́ kí ó wá ṣàlàyé bí ó ṣe ń mọ ibi tí iná yóò ti jó. Wọ́n kò kọ nǹkan kan nípa àgádágodo. Ilé iṣẹ́ aránṣọ náà tún ṣí ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e.

Olórí Ìlú ti sọ pé kò sí òṣìṣẹ́ ìjọba tí yóò béèrè. Òṣìṣẹ́ ìjọba béèrè ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ó ti sọ pé kò sí ìwé ìjọba tí orúkọ náà yóò wọ̀. Orúkọ náà wọ ìwé ìjọba ní Ọjọ́bọ̀, òun fúnra rẹ̀ ló sì bu ọwọ́ lù ú. Ó ṣì wà lórí àga náà. Idẹ náà ṣì wà lára ògiri.